Owó ìjọba fún ṣájà ọkọ̀ oníná ní ẹsitéètì wa: kí ni kí a béèrè kí a tó fọwọ́ sí i?

Akọ̀wé Ẹsitéètì (gúúsù-ìlà-oòrùn London)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin ará ìdálẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olùgbé ní ẹsitéètì kan níbí, níbi tí fúláàtì tí ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún wà, tí kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wa tí ó ní àyè tirẹ̀ tí ó lè gbé ọkọ̀ sí lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, káńsù kọ̀wé sí wa pé àwọn ti rí owó gbà nínú owó LEVI, ìyẹn owó tí ó lé ní £380 mílíọ̀nù tí ìjọba kéde ní ọdún 2023 fún àwọn káńsù ilẹ̀ England, kí wọ́n lè gbé ṣájà ọkọ̀ oníná sí àdúgbò àwọn tí kò lè fa wáyà láti inú ilé wọn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi lọ̀ wá. Ọ̀nà kìíní ni kí wọ́n gbé ṣájà ńlá mẹ́rin tí ń yára kún ọkọ̀ sí etí títì ńlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó bọ́ọ̀sì. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n pín ọgbọ̀n ṣájà kéékèèké káàkiri ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí, kí ọkọ̀ lè máa gba iná díẹ̀díẹ̀ lóru nígbà tí ẹni tó ni ín bá ń sùn. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ni yóò fi owó tirẹ̀ kún owó ìjọba, tí yóò sì máa bójú tó iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ní kí a fèsì kí oṣù yìí tó parí.

Mo rìn yí ẹsitéètì ká ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú méjì tẹ̀ léra, mo sì ka ọkọ̀ oníná mọ́kàndínlógún. Mẹ́tàlá nínú wọn ni ó ní àmì àṣẹ ọkọ̀ akérò TfL, àjọ tí ń darí ìrìnnà ní London, lára gíláàsì ẹ̀yìn. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 2023 ni TfL ti sọ ọ́ di dandan pé ọkọ̀ akérò aládàáni tí ó bá ń gba ìwé àṣẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó lè rìn láìtú èéfín, àwọn ènìyàn wa tí ń ṣe iṣẹ́ náà sì pọ̀. Ní alẹ́ kejì, mo rí wáyà tí ẹnì kan fà jáde láti ojú fèrèsé ilé òkè, tí ó gba orí koríko tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré kọjá, òjò sì ń rọ̀. Àyà mi já.

Ohun tí ó ń dẹ́rù bà mí jù ni pé ojú wa ti rí irú èyí rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n fi owó ìjọba gbé ṣájà méjì sí òpópónà tí ó kángun sí wa. Kí ó tó pé ọdún méjì, ọ̀kan ti kú, èkejì sì ń béèrè áàpù tí ẹnikẹ́ni kò lè rí gbà mọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni wọ́n ti ta ara rẹ̀ fún òmíràn. Òmíràn yẹn ní ẹ̀rọ náà kò bá kọ̀ǹpútà àwọn mu. Àwọn aláṣẹ àdúgbò ní kì í ṣe àwọn ni ó ni wáyà abẹ́ ilẹ̀, nítorí náà àwọn kò lè gbé ẹlòmíràn wá. Títí di òní, àyè ọkọ̀ méjì ni ó ṣòfò níbẹ̀.

Ìbéèrè mi nìyí: nínú ọ̀nà méjèèjì, èwo ni kí a fọwọ́ sí, kí sì ni kí a rí i pé ó wọ inú ìwé àdéhùn kí owó tó jáde? Owó orí gbogbo wa ni, títí kan ẹni tí kò ní ọkọ̀, mo sì ń wò ó bí ẹni ń wo owó àjọ tí wọ́n kó sí òun lọ́wọ́.

Oníṣẹ́ Iná (Manchester)

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, akọ̀wé. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná, ṣájà ọkọ̀ sì ni mo ń gbé kalẹ̀ jù láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣirò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìpàdé ti máa ń ṣìnà.

Ṣájà ńlá mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílówáàtì 50 ń béèrè kílówáàtì 200. Ọgbọ̀n ṣájà kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílówáàtì 7 ń béèrè 210. Iná tí ọ̀nà méjèèjì ń fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n ọkọ̀ mẹ́rin ni ọ̀kan lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ọgbọ̀n sì ni èkejì lè gbà. Kò sì pọn dandan kí ọgbọ̀n náà fa gbogbo iná wọn pọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń pín iná wà, tí yóò máa wo iye ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn, tí yóò sì máa fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Pẹ̀lú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ lè tọrọ ìdajì iná yẹn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ni wáyà ìlú, kí ó sì tó yín fún ọdún púpọ̀. Ọkọ̀ tí ó bá gba kílówáàtì 5 péré fún wákàtí mẹ́jọ ti gba yúníìtì 40. Yúníìtì kan máa ń gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rin máìlì mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà máìlì 120 ni ó kéré tán, èyí tí ó sún mọ́ ìrìn ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tí kì í fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́. Ní tèmi, ọ̀nà kejì ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi òpó iná ojú pópó dán yín lójú láìwo ibi tí òpó náà wà. Lóòótọ́, nígbà tí àwọn káńsù pààrọ̀ gílóòbù àtijọ́ sí LED, iná tí òpó ń lò dínkù gan-an, ìyẹn ni ó fi ṣeé ṣe láti fi ihò ṣájà sí ara òpó, kò sì ná owó púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ẹsitéètì, ẹ̀yìn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni òpó wà, lẹ́bàá ògiri tàbí láàárín koríko. Bí ọkọ̀ bá so mọ́ irú òpó bẹ́ẹ̀, wáyà yóò dábùú ọ̀nà, a óò sì ti padà sí ewu tí ẹ rí lábẹ́ òjò yẹn. Òpó tí ó bá wà létí ọ̀nà ọkọ̀ gan-an ni kí wọ́n lò. Níbi tí kò bá sí, kí wọ́n ri òpó kúkúrú mọ́lẹ̀ létí àyè ọkọ̀.

Wàyí o, ẹ dúró díẹ̀ lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ṣájà méjì yẹn, torí pé kókó ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Apá tó pọ̀ nínú owó irú iṣẹ́ yìí kì í lọ sára ẹ̀rọ tí ojú ń rí. Ìwalẹ̀ ni, páìpù ni, wáyà ni, àpótí iná ni, àti ìsopọ̀ mọ́ iná ìlú. Ẹ̀rọ orí ilẹ̀ lè má lò ju ọdún mẹ́wàá lọ kí ó tó gbó tàbí kí ìgbà kọjá lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n páìpù tí a bá sin dáadáa yóò wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ wa bá ti dàgbà. Ẹ ní kí ó wà nínú àdéhùn pé káńsù ni ó ni gbogbo ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ àti mítà, kí ilé-iṣẹ́ náà ni ẹ̀rọ orí ilẹ̀ nìkan. Ẹ sì ní kí ẹ̀rọ náà máa sọ èdè OCPP, èyí tí gbogbo kọ̀ǹpútà olùdarí ṣájà lè gbọ́, kí ó má baà di òkúta ní ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà bá kógbá wọlé.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ káńsù kì í sọ fún ará àdúgbò ni pé láti oṣù Kẹrin ọdún 2023, Ofgem, àjọ tí ń ṣàkóso ọjà iná àti gáàsì, ti yí ìlànà padà. Ẹni tí ó bá ń béèrè iná tuntun ń san owó wáyà tí ó já sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n fífún wáyà àpapọ̀ ìlú lágbára sí i kò sí lọ́rùn rẹ̀ mọ́, àfi bí owó rẹ̀ bá kọjá òṣùwọ̀n kan. Bí ẹ bá rí i nínú ìwé ìṣirò wọn pé owó ìrànwọ́ ń lọ síbẹ̀, ẹ béèrè ìdí rẹ̀.

Awakọ̀ Òru (Thamesmead)

Ẹ káàárọ̀ o. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n oníṣẹ́ iná, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tí a ń fi ọkọ̀ jẹun, nígbà tí ó jẹ́ pé mẹ́tàlá nínú mọ́kàndínlógún ni a jẹ́. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń jáde, aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń wọlé. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé, ọkọ̀ ti wà ní gbogbo àyè tí ó ní ṣájà ládùúgbò wa, bátìrì ẹlòmíràn sì ti kún láti aago méjìlá. Ta ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn ẹni bẹ́ẹ̀? Nítorí náà ni mo ṣe máa ń lọ jókòó sí ibi ṣájà ńlá, pẹ̀lú oorun lójú.

Ẹ wo iye tí ó ń ná mi. Níbi ṣájà ńlá tí mo ń lò, yúníìtì kan ti kọjá 70 pẹ́ńsì. Ṣájà kékeré etí títì wà ní nǹkan bí 50. Ọ̀rẹ́ mi tí ó ní ọgbà, tí ó sì ń lo owó iná òru, kì í san tó 10. Bí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gba yúníìtì 40 lóòjọ́, ó lé ní £28 lọ́wọ́ mi, £20 lọ́wọ́ ẹni tí ó rí àyè ní ṣájà kékeré, kò sì tó £4 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. VAT 5% ni ó wà lórí iná tí ó ń lò nínú ilé, 20% ni ó wà lórí tèmi. Iṣẹ́ kan náà ni a jọ ń ṣe, ojú ọ̀nà kan náà ni a jọ ń rìn.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé bí owó ìjọba bá wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, iye owó yúníìtì ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Kí àdéhùn sọ iye tí ilé-iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ kọjá lórí iye tí òun fúnra rẹ̀ ra iná, kí iye òru sì yàtọ̀ sí ti ọ̀sán. Kí wọ́n sì fi ṣájà ńlá kan kún ọgbọ̀n náà, ọ̀kan péré, fún ẹni tí ó bá wọlé láago mẹ́rin.

Ìyá Àgbà (Woolwich)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Èmi kò wa ọkọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo ń ti kẹ̀kẹ́ ìjókòó àwọn aláìlera tí bàbá yín ń lò lójoojúmọ́, mo sì fẹ́ kí ẹnìkan gbẹnu sọ fún wa. Ní òpópónà wa, ṣájà tí wọ́n gbé kalẹ̀ gba ìdajì ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń bọ̀ níwájú, àfi kí n ti kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí ojú títì láàárín ọkọ̀. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní PAS 1899, ọdún 2022 ni ó jáde, ó sọ bí gíga ihò ṣájà ṣe yẹ kí ó rí, bí àyè tí ó yí i ká ṣe yẹ kí ó fẹ̀ tó, àti pé kò yẹ kí ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ máa gun pèpéle kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó o. Òfin kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni láti tẹ̀lé e. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé tí ẹ kò bá tẹ̀lé e, a kò fọwọ́ sí i.

Akọ̀wé, ẹ tún wo àwọn tí kò ní ọkọ̀ rárá, tí wọ́n pọ̀ ju àwọn tí ó ní lọ ní irú ibi tí ẹ ń gbé. Ọmọbìnrin mi máa ń yá ọkọ̀ oníná ní wákàtí méjì fún ìpàdé ìjọ àti ọjà, ó sì ti tó o. Bí ẹ bá lè gba àyè kan lára ọgbọ̀n yẹn fún ọkọ̀ àyálò tí gbogbo ènìyàn lè lò, owó náà yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn náà.

Amòye Àdéhùn (Leeds)

Mo kí gbogbo ilé, mo sì kí màmá ní pàtàkì. Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ẹ̀ka tí ń gba kọ́ńtíráàtì ní káńsù kan, ohun tí mo bá kọ sílẹ̀ níbí sì jẹ́ ohun tí mo rí lórí tábìlì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé òfin ṣájà ìgboro ti ọdún 2023 wà. Ó ní kí ṣájà tuntun gba káàdì báńkì láìsí áàpù, kí a kọ iye owó yúníìtì ní pẹ́ńsì kí gbogbo ojú rí i, kí fóònù ìrànlọ́wọ́ tí a kì í sanwó lé lórí wà tọ̀sán-tòru, kí ṣájà ńlá sì máa ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n 99% láàárín ọdún. Ibi tí ó kù sí ni pé dandan káàdì báńkì bẹ̀rẹ̀ láti kílówáàtì 8, dandan 99% sì jẹ́ ti ṣájà kílówáàtì 50 sókè. Ṣájà kílówáàtì 7 tàbí 5 tí ẹ fẹ́ gbé síbẹ̀ kò tó ìwọ̀n méjèèjì, nítorí náà dandan méjèèjì kò kàn án. Ẹ̀rọ tí ó tọ́ fún àwọn tí kò ní ọgbà gan-an ni òfin kò dáàbò bò, nítorí náà bí kò bá wọ inú àdéhùn yín, kò sí níbòmíràn. Ẹ kọ ọ́ pé káàdì báńkì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, pé ihò tí ó bá bàjẹ́ gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan tí ẹ bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí, àti pé lẹ́yìn ọjọ́ náà owó yóò máa jáde láti àpò ilé-iṣẹ́ wá sí ti káńsù. Ẹ má gba "a óò sa gbogbo ipá wa" láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò burú fún ara rẹ̀, nítorí ilé-iṣẹ́ tí ó fi owó tirẹ̀ sí i nílò àkókò kí owó náà tó padà. Èyí tí ó burú ni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò ní ibi àyẹ̀wò. Kí a máa jókòó ní ọdún márùn-ún márùn-ún, kí káńsù sì ní ẹ̀tọ́ láti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn bí wọ́n bá kùnà. Kí wọ́n sì máa gbé iye yúníìtì tí ihò kọ̀ọ̀kan tà àti ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́ jáde lóṣooṣù, kí ẹgbẹ́ yín lè rí i.

Ẹ tún wò ó bóyá ẹ̀yin náà lè ní ìpín níbẹ̀. Ní apá àríwá England níbí, Charge My Street jẹ́ ẹgbẹ́ tí ó jọ alájẹṣẹ́kù tí a mọ̀ nílé: àwọn ará ìlú ra ìpín, wọ́n fi kún owó ìrànwọ́ ìjọba, wọ́n sì gbé ṣájà sí ilé ìpàdé àdúgbò àti ibi ìgbọ́kọ̀sí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò ní wá nítorí pé èrè ibẹ̀ kéré. Kì í ṣe gbogbo àdúgbò ni ó lè ṣe é, torí iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n níbi tí ènìyàn bá ti ní owó sí, kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ kú síbẹ̀.

Ará Maryland

Ẹ kú àárọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ẹ gbọ́ tiwa náà. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí níbí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021 ya $7.5 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Bílíọ̀nù márùn-ún jẹ́ ti ètò tí wọ́n ń pè ní NEVI, fún ṣájà ọ̀nà márosẹ̀, nígbà tí wọ́n pín ìyókù láàárín ọ̀nà márosẹ̀ àti àdúgbò. Ìlànà àkọ́kọ́ NEVI ni pé kí ibi kọ̀ọ̀kan ní ihò mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílówáàtì 150, kí wọ́n má jìnnà síra ju máìlì 50 lọ, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n 97%. Ìlànà náà dára fún arìnrìn-àjò, ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní Ohio, lẹ́yìn ọdún méjì gbáko. Nígbà tí ìjọba yí padà, ní oṣù Kejì ọdún 2025, wọ́n ní kí àwọn ìpínlẹ̀ dáwọ́ dúró, ó sì di oṣù Kẹjọ kí ìlànà tuntun tó jáde. Owó tí ó ti wọ inú ilẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò lè dá padà. Ẹ má fi ìwà pẹ̀lẹ́ pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ.

Lórí 97% yẹn tàbí 99%, ẹ ṣọ́ra. Ẹ̀rọ lè máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé ara òun le, nígbà tí káàdì kò wọlé tàbí tí ihò kò di ọkọ̀ mú. Iye ènìyàn tí ó so ọkọ̀, tí iná sì wọlé ní tòótọ́, ni kí ẹ ní kí wọ́n máa kà.

Akọ̀wé Ẹsitéètì (gúúsù-ìlà-oòrùn London)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín púpọ̀, mà, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà. Ọ̀nà kejì ni a óò yàn, pẹ̀lú ṣájà ńlá kan létí títì fún àwọn awakọ̀ òru. Ohun abẹ́ ilẹ̀ yóò jẹ́ ti káńsù. Káàdì báńkì, àtúnṣe àti ìwọ̀n owó yúníìtì yóò wọ inú àdéhùn. Ọ̀rọ̀ màmá lórí kẹ̀kẹ́ ni mo fi ṣíwájú, torí pé n kò ronú kàn án rárá kí wọ́n tó sọ ọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù tí ó ń dà mí láàmú. Ọkọ̀ mọ́kàndínlógún ni a ní, ọgbọ̀n ni ihò. Àwọn tí kò fẹ́ iṣẹ́ yìí ti ń sọ pé a fẹ́ gba àyè ọkọ̀ epo fún ọkọ̀ tí kò tíì sí. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa?

Oníṣẹ́ Iná (Manchester)

Irọ́ kọ́ o, akọ̀wé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ihò mẹ́rìndínlógún, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ fún ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n sin páìpù òfìfo sí ibi mẹ́rìnlá tó kù, kí wọ́n sì bo ojú rẹ̀ kí ọkọ̀ epo lè máa dúró síbẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Owó páìpù kò tó nǹkan nígbà tí ilẹ̀ bá ti là. Títún ilẹ̀ là lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni yóò jẹ owó. Kí ẹ wá kọ ọ́ sínú àdéhùn pé nígbà tí ihò tó wà nílẹ̀ bá ń kún lálaalẹ́ fún oṣù mẹ́ta tẹ̀ léra, ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi owó ara rẹ̀ gbé mẹ́rin sí i, títí ọgbọ̀n yóò fi pé.

Ẹ béèrè àwòrán ìwalẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, kí ẹ sì ka iye páìpù tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí a jọ wò ó, mo wà nílé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì.